Ọ̀kẹ́rẹ́ Tí Mo Gbé Kọ́rùn Lọ sí Sandaga

Kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, nígbà tí ìyá mi ṣì ń di ọwọ́ mi mú bí a bá fẹ́ kọjá títì ní Douala níbí, mo ní ẹranko kan tó máa ń sùn sí àyà mi. Ẹ má rò pé ológbò ni, ẹ má sì rò pé ọmọ ajá ni. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ọ̀kẹ́rẹ́ tí ẹ ń rí lórí ọ̀pẹ. Èyí ní awọ fẹ́lẹ́ kan láàárín ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì, tó jẹ́ pé bó bá bẹ́ láti orí igi, tó sì na ara, ńṣe ni yóò dà bí aṣọ ìnujú tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ, yóò sì rọra lẹ̀ mọ́ igi mìíràn. Nítorí awọ yẹn ni mo ṣe sọ ọ́ ní Fẹ́lẹ́.

Àlùbọ́sà ni ìyá mi ń tà ní ọjà Sandaga. Àpò-àpò ló ń tà á, àwọn oníbàárà rẹ̀ a sì máa fi ọkọ̀ akẹ́rù kó o gba Bonabéri lọ sí ìlú tí à ń pè ní Limbe lónìí. Bàbá mi ń ta aṣọ, ó sì máa ń lọ sílé, ní Ọ̀fà, tí yóò lo oṣù méjì tàbí mẹ́ta kó tó dé. Nítorí náà, èmi àti ìyá mi nìkan ló sábà máa ń wà nínú yàrá méjì tí a gbà ní àdúgbò New Bell. Èmi nìkan ló bí. Ìyá mi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá bínú, á dákẹ́. Bí inú rẹ̀ bá dùn, á dákẹ́ náà.

Aládùúgbò wa kan, àgbàlagbà ọkùnrin ọmọ Kamẹrúùnù, ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Bonabéri, ní òdì kejì odò Wouri. Pàpá ni gbogbo wa ń pè é. Kò gbọ́ Yorùbá, Faransé ìyá mi kò sì tó nǹkan, nítorí náà Píjìn ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Pàpá ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, ó rọra dì í mú bí ẹni gbé ẹyin. Ó ní inú ihò gẹdú kan tí wọ́n gbé ti inú igbó wá lòun ti rí ohun tó wà nínú fìlà náà. Ìyá rẹ̀ ti kú sínú ihò náà. Ọmọ nìkan ló kù, ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ó ń gbọ̀n.

Ìyá mi yọjú wo inú fìlà. Ó ní, "Na rat."

Pàpá rẹ́rìn-ín. "No be rat, Mami. Na small thing wey di fly."

Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́. Mo ti ki ìka bọ inú fìlà náà, ẹranko náà sì ti fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dì í mú. Ọwọ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ ìrẹsì lọ. Ìyá mi wò mí títí, ó wá sọ ní Yorùbá pé bó bá kú, òun kò fẹ́ gbọ́ ẹkún, bó bá sì yè, kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìkòkò òun.

Ó yè. Mílíìkì inú agolo tí mo fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ lú ni mo ń fi òwú kán sí i lẹ́nu, títí tó fi lè jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó rọ̀, tó sì di pé ẹyìn pupa náà ń wù ú. Pàpá ló kọ́ mi ní gbogbo rẹ̀, nítorí òun náà ti tọ́ ọ̀kan rí ní abúlé wọn nígbà tó wà lọ́mọdé. Òun ló sì kọ́ mi bí n óò ṣe máa gbé e jáde, torí kò sí ẹni tí n bá fi í tì nílé. Ó ní kí n wá aṣọ tó ti gbó, tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Mo gé ìdí ìró ìyá mi kan tó ti fà ya, mo rán an ní àpò kékeré tó jìn, tó ní okùn tí mo lè gbé kọ́rùn. A fi èèpo igi kan sínú rẹ̀ kó lè rí nǹkan di mú, nítorí ohun tí kò bá rí ibi dì mú, ẹ̀rù a máa bà á. Abẹ́ bùbá mi ni àpò náà ń wà, kí oòrùn má ba à kàn án. Ọ̀sán wa ni òru tirẹ̀. Bí a bá dé ibi tí ọkọ̀ ti ń fọn fèrè, mo gbọ́dọ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ bo àpò náà, kó lè mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. N kò gbọdọ̀ gbé e sún mọ́ èéfín ata, n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọmọ kankan fà á nírù. Àmọ́ ọ̀kan wà tí Pàpá tún sọ lẹ́ẹ̀mejì, tó sì ń tẹjú mọ́ mi bó ṣe ń sọ ọ́: "No remove yi for your neck. Place wey you no dey, yi too no dey." Pé n kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lọ́rùn. Ibi tí èmi kò bá sí, kí òun náà má sí níbẹ̀.

Báyìí ni a ṣe ń jáde lójoojúmọ́. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí mo bá ti di ojú, mo ṣì lè rin ọ̀nà yẹn. Ìlú kì í tíì jí tán nígbà tí mo bá ń lọ sí ilé kéwú. Ìkùukùu odò Wouri a ti wọ àárín ilé, ó máa ń jẹ́ kí àwọn tó ń rìn níwájú dà bí ẹni tí kò ní ẹsẹ̀. Fẹ́lẹ́ a ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Mo máa ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù lára mi, kíákíá, kíákíá, tèmi sì ń lọ díẹ̀díẹ̀, mo wá gbà gbọ́ pé ọkàn méjì ni mo ní. Ní ọjọ́ kan, bí a ti ń ka sùúrà, ààfáà wa tẹjú mọ́ àyà mi. Ó béèrè pé kí ló ń mì níbẹ̀. Mo ní ọkàn mi ni, ààfáà. Ó fi ìwé bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì tìtì, kò sì tún béèrè mọ́ títí mo fi kúrò ní ilé kéwú náà.

Láti ibẹ̀, mo máa ń lọ bá ìyá mi ní Sandaga. Òórùn àlùbọ́sà àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, ariwo alábàárù, èdè bíi márùn-ún tó ń dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo máa ń gba àárín gbogbo rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ọwọ́ kan láyà bí ẹni tó gbé omi tó kún. Ìyá mi a gbójú sókè, a wo àyà mi, a padà sídìí ọjà rẹ̀. Kò bi mí léèrè rẹ̀ rí. Kò fọwọ́ kàn án rí. Bí a bá délé ní ìrọ̀lẹ́, Fẹ́lẹ́ a jí, a gun aṣọ fèrèsé dé òkè, a bẹ́ sórí ibùsùn, pó! Ìyá mi a fa ìkòkò rẹ̀ sẹ́yìn. Yàrá wa kéré jù, kò sí ibi tó ti lè fò bó ṣe yẹ. Èmi alára, ohun tí Pàpá sọ ni mo kàn gbà gbọ́, n kò tíì rí i kó fò.

Ó wá di ìgbà òjò. Ẹ mọ òjò Douala, tó lè rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ènìyàn máà rí òjìji ara rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò dá díẹ̀, àwọn ọmọbìnrin tí ìyá wọn ń tajà nítòsí wa mú okùn jáde, wọ́n ń fò ó. Wọ́n pè mí. Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé ṣe kí n máa fo okùn pẹ̀lú Fẹ́lẹ́ láyà. Mo wò yíká. Àpò àlùbọ́sà kan wà nílẹ̀ lábẹ́ ìbòòji, ó gbẹ, ó sì móoru. Mo so okùn àpò Fẹ́lẹ́ mọ́ ọrùn àpò àlùbọ́sà náà. Mo sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé n óò dé kí n tó ka ọgọ́rùn-ún.

N kò ka nǹkankan. Okùn náà ń dún lórí omi ilẹ̀, a ń kọrin, a ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀ tí mo sáré padà, ilẹ̀ lásán ni mo bá. Oníbàárà Limbe ti dé, ó ti kó àpò mọ́kànlá, ọkọ̀ rẹ̀ sì ti lọ.

Mo dúró sójú òjò. N óò sọ òtítọ́ fún yín: ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n dákẹ́. Mo rò pé inú ìyá mi yóò dùn, pé yóò ní ó parí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti gbé mi dé iwájú rẹ̀, ẹnu mi sì ti ń sọ ọ́, ẹkún kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà já gaara. Mo ń retí ìgbájú. Ìyá mi dìde lórí àpótí tó jókòó lé.

Ó ní, "Ṣé ó ti jẹun láàárọ̀?"

Mo ní ó ti jẹun, mà.

Ó bẹ obìnrin tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kó bá òun mójú tó ọjà. Òjò ti ń rọ̀ sórí àwọn àpò tí a kò tíì bò, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, a bọ́ sí títì, ó sì dá takisí dúró. Dépôt ló gbà, ìyẹn ni pé àwa nìkan la máa wọ ọkọ̀ náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò rí i kí ìyá mi gba dépôt rí, kódà nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀.

Lórí afárá, ojú òjò àti ojú odò ti di ọ̀kan. Mo ń wo àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó wà níwájú wa, gbogbo wọn jọ ara wọn. Ìyá mi kò ṣáà fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

Ní Bonabéri, àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn máa ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà láti jẹun, kí wọ́n sì so tapólì mọ́ ẹrù wọn dáadáa. Bí takisí wa ti ń rọra lọ láàárín àwọn ọkọ̀ náà, ìyá mi rí oníbàárà rẹ̀ tó ń jẹ ẹja sísun lábẹ́ agboòrùn. Obìnrin náà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò lòdì sí i, ó ní kí a bá awakọ̀ sọ̀rọ̀. Awakọ̀ náà ga, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì ti so okùn tapólì rẹ̀ tán.

"Mami," ó ní, "night di come. Na for rat I go offload motor?"

Ìyá mi gbé ojú sókè wò ó nínú òjò. Ó ní, "No be rat. Na ma pikin yi thing." Pé ohun ọmọ òun ni.

Ọkùnrin náà wò mí. N kò mọ ohun tó rí. Ó mí kanlẹ̀, ó tú okùn, ó gun òkè ọkọ̀, ó pe alábàárù méjì. Àpò kan sọ̀kalẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e. Lára àpò keje ni a ti rí okùn mi. Fẹ́lẹ́ ti fi eyín ya aṣọ náà, àpò ti ṣófo. Mo ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, mo kan èèpo igi náà. Ó ṣì móoru díẹ̀.

"Kò tíì jìnnà," ni mo sọ.

Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wò yíká. Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà ló nàka sókè. Lára igi àràbà ńlá kan, ní gíga tó tó ilé alájà mẹ́ta, ni Fẹ́lẹ́ lẹ̀ mọ́, ó kéré, ó tutù. Kíá ni ẹnì kan ti sọ pé ẹran ọbẹ̀ nìyẹn, ó ti fa rọ́bà ìtafà tí wọ́n fi ń ta ẹyẹ yọ, ó ti fi òkúta sí i. Ìyá mi kò sáré. Ó kàn rìn lọ dúró síwájú ọkùnrin náà títí tí òkúta náà fi dojú kọ ọ́ láyà.

"Put am down," ó ní.

Ọkùnrin náà sọ ọ́ kalẹ̀.

Mo fi ahọ́n kan òkè ẹnu, tò, tò, tò, bí mo ṣe máa ń pè é jẹun. Ó gbọ́. Mo rí i tó yí orí. Ṣùgbọ́n kàkà kó sọ̀kalẹ̀, òkè ló ń gùn sí i, mo sì rò pé mo ti pàdánù rẹ̀. Ó dé ìdí ẹ̀ka kan, ó dúró. Òjò ti dá. Ojú ọ̀run ti di àwọ̀ eérú, ìlà pupa kan sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí oòrùn ń gbà lọ. Ó wá bẹ́.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni mo ti rí láti ìgbà náà, n kò tíì rí irú rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó na ẹsẹ̀, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ sórí afẹ́fẹ́. Kò juwọ́ bí ẹyẹ. Kò dún. Ó kàn ń bọ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba inú awọ rẹ̀ kọjá. Ó fò kọjá orí ọkọ̀, ó fò kọjá orí awakọ̀ tó la ẹnu sílẹ̀, ó fò kọjá ọwọ́ mi méjèèjì tí mo nà sókè. Èjìká ìyá mi ló bà lé.

Mo ti rò ó títí. Ìdí ìró ìyá mi ni mo fi rán àpò náà, inú òórùn rẹ̀ ni Fẹ́lẹ́ ti sùn láti ọjọ́ tó ti dé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, n kò mọ ohun tó mú un ṣe é. Ìyá mi dúró gbagidi bí igi. Fẹ́lẹ́ ti ki orí bọ abẹ́ gèlè rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Wá mú un," ìyá mi sọ jẹ́jẹ́. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, ó tún ní, "Dúró ná. Jẹ́ kó sinmi." Ó rọra gbé ọwọ́ sókè, ó fi ìka kan ṣoṣo kan ẹ̀yìn rẹ̀.

Nígbà tí a ń padà bọ̀ lórí afárá, Fẹ́lẹ́ ti wà láyà mi, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ìyá mi ń wo ojú fèrèsé. Ó béèrè pé, "Ṣé bó ṣe máa ń fò nìyẹn?" Mo ní n kò rí i rí kó fò bẹ́ẹ̀. A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin afárá. Ó wá ní, "Ohun tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi, inú àpò kọ́ ni ilé rẹ̀." Mo mọ ohun tó ń sọ. Mo sunkún dé New Bell, kò sì ní kí n dákẹ́.

Pàpá náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí a má ṣe kánjú, kí òjò kọ́kọ́ lọ. A gbé igi oníhò kan sí ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ ló ń sùn, ewé àti èso igbó tí Pàpá ń mú bọ̀ ló sì ń jẹ, títí tí kò fi bìkítà fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi mọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, awakọ̀ kan náà ló gbé èmi, ìyá mi àti Pàpá lọ sí ọ̀nà Buea, dé ibi tí igbó ti sún mọ́ títì. Mo gbé Fẹ́lẹ́ mọ́ ara igi kan. Abẹ́ ìdí ìrù rẹ̀ ní ìpẹ́ ṣóńṣó-ṣóńṣó, mo gbọ́ bó ṣe ń kọ́ èèpo igi, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, bó ṣe ń gòkè. Ó bẹ́ lọ sórí igi kejì. Ó bẹ́ lọ sórí ìkẹta. Lẹ́yìn náà, n kò mọ èyí tó jẹ́ ewé nínú wọn, n kò mọ èyí tó jẹ́ òun. Ìyá mi kò ní kí a máa lọ. Ó dúró tì mí títí èmi fúnra mi fi yíjú padà.

Ayé ti yí. Afárá Wouri ti di méjì, ilé sì ti gba etí ọ̀nà Buea lápá ibi tí a dúró sí yẹn. N kò sọ pé ọkàn àwọn ènìyàn ti le ju tàtijọ́ lọ. Àwọn awakọ̀ òde òní ṣì lè fẹ́ tú ẹrù wọn nítorí ọmọdé, ṣùgbọ́n fóònù wọn á dún kí wọ́n tó tú okùn kejì, ẹni tó ni ẹrù á ní níbo lo dé. Bí àwọn ọmọ-ọmọ mi bá sì fi ẹranko bẹ́ẹ̀ hàn mí lórí fóònù, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ rà á, mo máa ń sọ fún wọn pé èmi kò rà á. Ọmọ òrukàn ni wọ́n gbé fún mi, mo sì tún fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ nù.

Ohun kan wà tó sàn ju ti ìgbà wa lọ, n óò sì gbà á. Àwọn ọmọ òde òní máa ń fi ẹnu sọ ìfẹ́. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin tó wà ní Yaoundé kì í pa fóònù láìsọ ọ́ fún mi ní Faransé. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ojú máa ń tì mí, "Ó dáa, ó dàbọ̀," ni mo máa ń dá a lóhùn. Ìyá mi kò fi ẹnu sọ ọ́ fún mi rí títí tó fi kú, èmi náà kò sọ ọ́ fún un. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè sọ ọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sọ ọ́ fún ọmọ náà kó tó pa fóònù. Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, nítorí òun ló wà lẹ́nu mi. Yorùbá rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó ní, "Màmá, kí ni ìyẹn?"

Mo sì tún un sọ.